Ọmọ Òmù-Àrán Fẹ́ Kọ́ Ìtàn Ẹ̀sìn Kristẹni ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ láti kọ́ CRS (ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni) pọ̀ mọ́ History, ìtàn ẹ̀sìn Kristẹni sì wà lára ohun tí a máa kọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ Mùsùlùmí ní Ìlọrin, ń béèrè bóyá pásítọ̀ ni mo fẹ́ dà. Pásítọ̀ wa ní tirẹ̀ ní kí n ṣọ́ra, pé ìtàn ìjọ ti ba ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ní tèmi, ọdún àti orúkọ tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, n kò sì mọ bí mo ṣe máa kà á tí yóò fi yé mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo kí ọ kú oríire. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìtàn ìjọ ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọdún kan tí irú ìbéèrè yìí kò dé etí mi, ìgbà mìíràn láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́, ìgbà mìíràn láti ẹnu òbí tó mú ọmọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi pé kí n bá òun bẹ̀ ẹ́ kó yí iṣẹ́ padà. N ó fara balẹ̀ dá ọ lóhùn, nítorí ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù wọ inú ẹ̀kọ́ yìí kì í gbádùn rẹ̀, ohun tí ènìyàn kò bá sì gbádùn, kì í pẹ́ kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di pásítọ̀ máa ń lọ sí sẹ́mínárì, irú èyí tí ìjọ ECWA ní ní Ìgbàjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwàásù, ìtọ́jú agbo àti ìtumọ̀ Bíbélì. Olùkọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tìrẹ fẹ́ fi ọ́ ṣe. Ọdún mẹ́ta ni NCE, ìwé-ẹ̀rí àwọn olùkọ́, iṣẹ́ méjì ni wàá kọ́ pọ̀, wàá lọ ṣe teaching practice ní ilé-ìwé kan, bí èsì rẹ bá sì dára, o lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ìyẹn nìkan tó láti sọ fún un. Ṣùgbọ́n má ṣe kà á sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, nítorí bí mo bá ṣe ń lọ, wàá rí i pé kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn àwọn Kristẹni ní agbègbè wa láì dé ọ̀dọ̀ irú wọn.

Ọ̀rọ̀ ọdún àti orúkọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó há 325 sórí, tó mọ̀ pé ọdún yẹn ni Ìgbìmọ̀ Nísíà jókòó, ṣùgbọ́n tí a bi í pé kí ló mú kí Késárì Constantine pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí wo àjà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ní 313 ni ìjọba Róòmù fún àwọn Kristẹni láàyè láti sìn, pé Késárì ń retí kí ìjọ so ìjọba rẹ̀ pọ̀, pé ìjà tí àlùfáà kan tó ń jẹ́ Arius dá sílẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà lórí ẹni tí Ọmọ Ọlọ́run jẹ́ sì ti ń tú ìjọ ká, ẹni náà kò ní fi tipátipá há 325 sórí. Ọdún náà yóò ti bọ́ sí àyè rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí o kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni bí a ṣe ń bi ìwé àti ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀: ta ló sọ èyí, báwo ló ṣe mọ̀, kí ló ń wá tó fi kọ ọ́, ta sì ni kò rí ààyè sọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè báyìí máa ń rí ohun tí ẹni tó ń há ìwé sórí kì í rí.

Jẹ́ kí n fi ìwé kan hàn ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 112, gómìnà kan tó ń jẹ́ Pliny kọ lẹ́tà sí Késárì Trajan. Bítíníà àti Pọ́ńtù ló ń ṣàkóso, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Àwọn orúkọ méjèèjì wà ní ẹsẹ kìíní ìwé Pétérù Kìíní, bí o bá fẹ́ wò ó. Ó ní wọ́n ń mú àwọn ènìyàn wá síwájú òun pé Kristẹni ni wọ́n, òun kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun ń ṣe ni pé òun á bi ẹni náà lẹ́ẹ̀mẹta bóyá Kristẹni ni. Bó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun á ní kí wọ́n lọ pa á. Ẹni tó bá sẹ́ ní láti sun tùràrí níwájú ère Késárì, kó sì bú Kristi. Àwọn kan tó ti kúrò nínú ìjọ sọ fún un pé gbogbo ohun tí àwọn ń ṣe kò ju kí àwọn pàdé ní ọjọ́ kan pàtó kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí ọlọ́run kan, kí àwọn sì búra pé àwọn kò ní jalè, àwọn kò ní ṣe panṣágà, àwọn kò sì ní yẹ àdéhùn. Kò gbà wọ́n gbọ́. Ó mú àwọn ẹrúbìnrin méjì, ó ní kí wọ́n fi ìyà jẹ wọ́n títí wọn yóò fi sọ òtítọ́, ó sì ní ohun tí òun rí kò ju ìgbàgbọ́ asán tó ti kọjá ààlà. Ó wá fi kún un pé àwọn ènìyàn ti ń padà sí tẹ́ḿpìlì báyìí, ẹran tí wọ́n fi rúbọ, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń rà á mọ́, sì ti ń tà.

Wàá rí i pé ọ̀tá ló kọ lẹ́tà yìí. Kò ní ìdí kankan láti gbé àwọn Kristẹni ga. Nítorí náà, nígbà tó kọ ọ́ pé wọ́n ń búra láti má jalè, ẹ̀rí rẹ̀ wúwo ju ti ọmọ ìjọ lọ. Ó dárúkọ ẹran ọjà láì mọ̀ pé òun ń fi hàn wá bí wọ́n ti pọ̀ tó, débi pé àwọn alápatà mọ̀ ọ́n lára. Kí o sì wo àwọn ẹrúbìnrin méjèèjì yẹn dáadáa. Pliny kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ oyè wọn, oyè tí àwa ń pè ní díákónẹ́ẹ̀sì lónìí. Obìnrin ni wọ́n, ẹrú sì ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní ipò nínú ìjọ, ẹnu ẹni tó fi ìyà jẹ wọ́n la sì ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bá ka ibẹ̀ fún kíláàsì mi, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀, nítorí ó máa ń ká mi lára títí dòní pé àwọn méjì tó jìyà jù nínú lẹ́tà náà ni a kò mọ orúkọ wọn.

Bí wàá ṣe máa ka gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ nìyẹn. Àwọn olùkọ́ rẹ yóò mú ọ gba ìgbà àwọn àpọ́sítélì kọjá, dé ọ̀dọ̀ Luther, tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ ní Jámánì ní 1517, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. Ti ilẹ̀ Yúróòpù ní àárín ọdún wọ̀nyẹn ṣe pàtàkì fún ìdánwò, kà á, kó o sì máa lọ. Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí ni ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé Áfíríkà ti wà nínú ìtàn yìí kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ orúkọ Jésù. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ńlá àkọ́kọ́ tó fi èdè Látìn kọ̀wé, ọmọ Carthage ni, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní. Augustine, tí wọ́n bí ní 354, ilẹ̀ Àlùjíríà òde òní ló ti wá, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ni, ó sì kú ní 430 nígbà tí ogun àwọn Vandal, ẹ̀yà kan láti ilẹ̀ Yúróòpù, yí ìlú náà ká. Ní Ẹtiópíà, Ọba Ezana ti di Kristẹni ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin.

Wàá wá bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìjọ Carthage fi parẹ́, tí ti Íjíbítì àti Ẹtiópíà sì wà títí dòní. Ìdí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń tọ́ka sí ni èdè. Àwọn ará Íjíbítì ní Bíbélì ní èdè Kópítíìkì, àwọn ará Ẹtiópíà ní tiwọn ní Gíísì, ṣùgbọ́n ní Carthage, Látìn ni ìjọ ń sọ, àwọn Bábà (Berber), ọmọ onílẹ̀ tó wà ní oko àti lórí òkè kò sì rí Ìwé Mímọ́ kà ní èdè tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n. Èmi gbà pé òótọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró síbẹ̀, nítorí ogun àti ìpínyà ti jẹ ìjọ náà níyà tipẹ́ kí Carthage tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá ní 698. Lára ìpínyà náà ni ti àwọn Donatist. Nígbà tí Késárì Diocletian bẹ̀rẹ̀ inúnibíni ní 303, ó ní kí wọ́n kó Ìwé Mímọ́ wá kí àwọn dáná sun ún, àwọn àlùfáà kan sì kó o lé wọn lọ́wọ́ nítorí ẹ̀mí wọn. Nígbà tí inúnibíni kọjá, àwọn kan ní ẹni tó ti kó ìwé sílẹ̀ kò lè ṣe ìrìbọmi fún ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn kan ní oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kò sinmi lórí ìwà àlùfáà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi jà á. Bí o bá ti jókòó rí nínú ìpàdé ìjọ tí wọ́n ti ń jà lórí bóyá kí pásítọ̀ tó ṣẹ̀ padà sórí pẹpẹ, ìjà Donatist kò ní ṣòro fún ọ láti lóye.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ló máa gbé ọ dé ilé. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ni olórí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ní 1884 ni odindi rẹ̀ parí. Ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ, kó o wo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò: àdúrà, wòlíì, ìwàásù, àlùfáà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti ń sọ lẹ́nu ni wọ́n kí ìjọ tó dé. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ti inú èdè Lárúbáwá wá, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní àlùfáà láàárín wa sì ni ẹni tó mọ Kùránì. Àwọn atúmọ̀ kò dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí. Èyí tí aládùúgbò ti ń lò ni wọ́n mú. Orúkọ Aládùúrà pàápàá, tí àwọn kan rò pé kò sí ohun tó jẹ́ ti Kristẹni tó o, Lárúbáwá wà nínú rẹ̀. Èyí ni kí o sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ nígbà tí o bá lọ kí i. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, bóyá yóò sì tún fi ohun tí ìwọ kò mọ̀ kún un.

Ìlọrin fúnra rẹ̀ wà nínú ìtàn yìí. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ìlọrin ní 1855, ó fẹ́ jókòó síbẹ̀, wọn kò gbà fún un, ó sì ti ibẹ̀ lọ fìdí kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Crowther dé ààfin Ẹ́míà Ìlọrin ní 1872. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tó wà níbẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò bá wọn jiyàn rárá, ńṣe ló ń ṣí Ìwé Mímọ́, tó ń ka ìdáhùn fún wọn ní Yorùbá. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n rántí àwọn ìbéèrè tí mo kọ́ ọ: Crowther ló kọ èyí, àwọn tó rán an níṣẹ́ ní London ló sì kọ ọ́ sí. Báwo ni àwọn tó jókòó yí Ẹ́míà ká ṣe sọ ọ́ nígbà tí wọ́n délé? Ìlú ìwé ni Ìlọrin, ìdílé àwọn àáfà tó ní ìwé àfọwọ́kọ ní èdè Lárúbáwá pọ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ Kristẹni kan bá kọ́ Lárúbáwá tó gbọ́, tó sì fi sùúrù bẹ àwọn ìdílé wọ̀nyí, ó lè rí apá kejì ìtàn yìí. Ó wù mí kí ẹnìkan ṣe é kí n tó kú.

Lẹ́yìn tí Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi í sábẹ́ Àríwá Nàìjíríà ní 1900, àwọn ará Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì tiwa bá wọn lọ sí Àríwá. Ìjọba kò fẹ́ kí míṣọ́nnárì máa wọ ilẹ̀ àwọn ẹ́míà láì gba àṣẹ, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ìtàn ìjọ ní Gúúsù Kwara yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀ṣà tàbí ti Ìbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) sílẹ̀, Gowans, Kent àti Bingham, balẹ̀ sí Èkó ní 1893. Kí ọdún méjì tó pé, méjì nínú wọn ti kú ní ìrìn àjò náà, ìgbà tó sì di 1902 ni ẹgbẹ́ wọn tó rí ibùdó fìdí múlẹ̀ sí ní Pátígi, lára àwọn Núpé. Inú iṣẹ́ wọn ni ECWA ti jáde. Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, wàá gbọ́ pé òyìnbó kọ́ ló mú ìgbàgbọ́ dé. Ọmọ ìlú kan ló lọ ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn, tó gbé Bíbélì àti ìwé A-B-D bọ̀ wálé, tó kó ènìyàn mẹ́rin márùn-ún jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé tí wọ́n máa fún ọ kà.

Nítorí pé Àríwá ni a wà, ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó tètè sọ fún èmi, tí mo fi owó ọkọ̀ ṣòfò kí n tó mọ̀. Mo kọ́kọ́ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn láti wá fáìlì nípa ìlú wa. Ìwé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà tó rán Crowther níṣẹ́, wà níbẹ̀, wọ́n sì wúlò, ṣùgbọ́n fáìlì ìjọba lórí Ẹkùn Ìlọrin kò sí níbẹ̀. Kàdúná ló wà. Lẹ́tà àwọn D.O. (òyìnbó alákòóso agbègbè), ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ kọ láti gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹjọ́ láàárín ìjọ àti àwọn olóòṣà, Kàdúná ni wàá lọ nígbà tí o bá dé ipele dìgírì. Fi í sọ́kàn láti ìsinsìnyí.

Mo wá dé ibi ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yín. Kò purọ́ fún ọ, wàá ka ohun tó máa dùn ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n fi ojú Crowther rí ní Oníṣà ní 1890, tí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó níwájú arúgbó náà, tí wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, n kò lè parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kú ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1891 yẹn kan náà ni àwọn Kristẹni kan ní Èkó dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ lé orí pé àwọn ènìyàn ìjọ kì í ṣẹ̀, ìtàn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí n má tàn ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi ni pé mo padà lọ ka Kọ́ríńtì Kìíní, mo sì rí i pé Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọ́n ń jà, wọ́n ń pín sí ẹgbẹ́, wọ́n ń mutí yó nídìí oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Mo ti ń ka ìwé yẹn láti kékeré, n kò rí i.

Ìbéèrè tó tún máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ni ti iṣẹ́ ìyanu, ẹ jẹ́ ká lo ọmọ ilé wa fún un. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí wọ́n bí ní 1904 ní Odò-Ọwá, ní ilẹ̀ Gúúsù Kwara níbí, sínú ìdílé Áńgílíkà, ló ń wa ọkọ̀ roller tí wọ́n fi ń tẹ títì. Ní oṣù October 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ọkọ̀ náà dúró, ó sì jẹ́rìí pé òun gbọ́ ohùn tó pe òun sí iṣẹ́ ìwàásù. Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1932 wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ìjọ Christ Apostolic Church ni iṣẹ́ náà wá fìdí kalẹ̀ sí. Ìjọ ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ Ọlọ́run. Ojú tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń wo irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ ni bí kò ṣe ní di rògbòdìyàn. Àwọn ìjọ tó ti wà nílẹ̀ ń ka iye ọmọ wọn tó ń bá a lọ. Òǹkọ̀wé ìtàn gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu gbogbo wọn. Bí o bá kọ sínú ìdánwò pé Ọlọ́run ló dá ọkọ̀ náà dúró, olùkọ́ rẹ yóò ní ẹ̀rí ìgbàgbọ́ lo kọ. Bí o bá kọ ọ́ pé irọ́ ni, yóò bi ọ́ bí o ṣe mọ̀. Ohun tí wàá kọ ni pé Babalọlá jẹ́rìí báyìí, pé àwọn ènìyàn gbà á gbọ́, pé wọ́n rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ nítorí rẹ̀, àti ohun tí èyí yí padà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìtàn kò ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ ìyanu. Ohun tí o gbàgbọ́ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ; o lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi bí o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó o sì tún jókòó ní kíláàsì ní ọjọ́ Ajé láì parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó kó ẹrù. Ní ìjọ Áńgílíkà kan ní abúlé kan láàárín àwọn Ìgbómìnà, wọ́n gbé ìwé orúkọ méjì jáde fún mi láti inú àpótí pákó, ọ̀kan fún àwọn tó ṣe ìrìbọmi, èkejì fún àwọn tó ń gba Ara Olúwa. Yíǹkì rẹ̀ ti di àwọ̀ igi. Mo jókòó sórí àga ìjọ, mo ń ka orúkọ lọ, mo sì rí i pé àwọn obìnrin tó ti dàgbà pọ̀ ju àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà lọ gan-an nínú ìwé ìrìbọmi. Nínú ìwé kejì, wọ́n fa ìlà sórí orúkọ ọkùnrin kan, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ó fẹ́ ìyàwó kejì." Èyí yé mi nítorí mo ti kà á pé ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó pàdé ní Lambeth ní London pinnu pé ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ kò gbọ́dọ̀ ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba àwọn ìyàwó rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní London ló wà nínú àpótí pákó lábúlé Ìgbómìnà yẹn: ìyáálé wọlé, ọkọ dúró síta. Kò sí ìwé kankan tó lè kọ́ mi ní ìtàn ìjọ bí ojú ewé méjì yẹn ṣe kọ́ mi.

Ìjọ mìíràn, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo dé ibẹ̀ ní oṣù kan péré lẹ́yìn tí wọ́n tún ilé ṣe. Wọ́n ní ikán ti mú àwọn ìwé àtijọ́, wọ́n sì ti sun ún mọ́ pàǹtí. Akọ̀wé ìjọ náà kò rò pé òun ṣe ohun tó burú. Ó ń dùn mí síbẹ̀.

Nítorí náà, má dúró de ọdún kẹta. Àwọn ìwé ńlá wà tí wàá kà, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí tẹ̀ jáde ní 1965 lórí àwọn míṣọ́nnárì láàárín 1841 sí 1891; wàá rí i ní láíbúrérì, kà á díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kù kí o wọlé, mú ìwé ìkọ̀wé kan, kó o lọ bá àgbàlagbà tó dàgbà jù nínú ìjọ yín. Má bi í pé, "Báwo ni ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀?" nítorí ohun tí wọ́n ti kọ sínú ìwé pẹlẹbẹ ayẹyẹ ni yóò kà fún ọ. Bi í pé ta ló kọ́ ọ ní A-B-D, nínú ilé ta. Bi í ní orúkọ tó ń jẹ́ kí ó tó ṣe ìrìbọmi, àti ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ní ọjọ́ náà. Bi í bóyá ẹnìkan nínú ilé di Mùsùlùmí ní àkókò kan náà, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe Ọdún Iléyá àti Kérésì nínú agbo ilé kan. Kọ ọjọ́ tí o bi í, kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ẹ jókòó sí. Bó bá gbà fún ọ, gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, kó o jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kó o sì bi òun náà ní ìbéèrè kan náà.